Mo máa pé 50: àwọn ọmọ fẹ́ ṣe pátì, èmi fẹ́ gun òkè Ìdànrè

Ìyá Aránṣọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà.

Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, mo máa pé 50 lóṣù kọkànlá. Aṣọ ni mò ń rán n'Íbàdàn níbí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ. Aṣọ ẹbí ọjọ́ ìbí tí mo ti rán fún èèyàn ò lóǹkà. Mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọlọ́jọ́ ìbí á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, á ní kí n jẹ́ kóun máa san owó iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé láìsọ fún mi. Wọ́n ti mú àwọ̀, wọ́n ti lọ wo gbọ̀ngàn. Àbígbẹ̀yìn ló jẹ́ kó ta sí mi létí. Inú mi dùn pé wọ́n ro tèmi, mi ò purọ́. Àmọ́ òkè Ìdànrè ló sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe gbọ́.

Nígbà tí mo wà ní JSS 3, iléèwé wa lọ síbẹ̀, bàbá mi ò rówó ọkọ̀ san. Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀rẹ́ mi kan ń ròyìn àtẹ̀gùn tó lé ní 600, pé bí o bá rò pé ó ti tán, òmíràn á tún yọ lókè. Mo gbé ìròyìn yẹn sínú dòní. Mo tún fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, torí omi ń bà mí lẹ́rù. Bí ọkọ̀ bá gun afárá, ojú ni mo máa ń dì.

Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní, "Ta ló ń lé ẹ?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní tirẹ̀ ní obìnrin tó ń retí ọmọ-ọmọ kì í wọ ṣòkòtò gun òkè, pé ojú ayé ń wò mí.

Orúnkún mi òsì máa ń dùn mí díẹ̀ tí mo bá jókòó pẹ́. Ṣé mo lè gùn ún? Ta ló kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lágbà níbí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àìmoore?

Ọmọ Ẹ̀gbá

Àǹtí wa, ẹ kọ́kọ́ ya Abẹ́òkúta ná jàre. Ẹ gun Olúmọ kí ẹsẹ̀ yín lè mọ ohun tí ń bọ̀. Abẹ́ òkúta yẹn ni àwọn bàbá wa sá sí lásìkò ogun, láti 1830 ni Ẹ̀gbá sì ti wà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn wà, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè náà wà. Ẹ má wọ ẹ̀rọ o, ẹ fẹsẹ̀ gùn ún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìyá Aránṣọ, ẹ kú ìgboyà. Kẹ́ ẹ tó ra bàtà, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ yẹ ṣúgà wò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kan orúnkún yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ni kò mọ̀, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ fara hàn.

Ẹ jẹ́ n bi yín: ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ lẹ fi ń ránṣọ ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ yín ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Itan ló kù. Láti ìsinsìnyí, ẹ máa gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ rántí pé sísọ̀kalẹ̀ ló ń jẹ orúnkún ju gígùn lọ. Ẹ mú ọ̀pá dání.

Alájàpá Dùgbẹ̀

Èmi ò ní bá wọn pọ́n yín o. Ẹ ti jẹ ìrẹsì gbogbo wa. Ẹ ti bá wa jó, ẹ ti gba kúlà àti ike lọ́wọ́ wa lọ ilé. Ó wá kan yín, ẹ ní ẹ̀ ń gun òkè! Ọjọ́ ìbí 50 kì í ṣe tiyín nìkan. Àwọn ọmọ yẹn náà fẹ́ káyé mọ̀ pé àwọn ní ìyá.

Ìyá Aránṣọ

Alájàpá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín wọlé. Ti ike yẹn, òótọ́ ni. Márùn-ún ló wà ní kíṣìnnì mi.

Àkàndé, Lọ́ńdọ̀nù

Mo pé 47 kí n tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó kọ́ mi ò tó àkọ́bí mi lọ́jọ́ orí, orúkọ ni ó sì ń pè mí gbalaja. Mo fara mọ́ ọn.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èémí ló ṣòro, kì í ṣe ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo lò kí n tó lè ki ojú bọ omi láìjanpata. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé: ẹ bu omi sínú básíà, ẹ fa èémí, ẹ ki ojú bọ̀ ọ́, ẹ máa fẹ́ èémí jáde nímú díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi máa hó. Ẹ máa kà á. Tí ẹ bá dé mẹ́wàá láìbẹ̀rù, ẹ wá olùkọ́ àti ibi tí omi rẹ̀ ò kọjá àyà. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo apá àti ẹsẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni ò ní rí nǹkan kan. Ẹ má lọ kọ́ ọ létí òkun Èkó o! Omi ibẹ̀ máa ń fa èèyàn.

Ẹlẹ́sẹ̀ Òṣogbo

Bàtà, bàtà, bàtà. Èmi fi sílípáàsì gun òkè tí omi ti ń dà wálẹ̀ ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ni omi yẹn ní, ìpele kejì ni mo ti fìdí jókòó láìfẹ́.

Ọmọ Ìdànrè

Mo ti ń retí kí n dé ibí. Ẹ kú àbọ̀ sílé wa.

Ẹ sùn sí Àkúrẹ́ mọ́jú, kò jìnnà sí wa. Kí ẹsẹ̀ yín wà lórí àtẹ̀gùn kí oòrùn tó mú òkúta, torí tó bá gbóná tán, ìsàlẹ̀ bàtà lẹ ó ti mọ̀ ọ́n. Oṣù kọkànlá dára, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, àpáta ò ní yọ̀. Ibi ìsinmi wà lọ́nà. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má bá àwọn ọmọ iléèwé díje. Àtẹ̀gùn kọ́ lòpin o. Tẹ́ ẹ bá dókè, ẹ ó tún rìn kẹ́ ẹ tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wa, wà. Orí òkè yẹn làwọn baba ńlá wa gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lára àpáta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ńlá tàbí kékeré, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n ọkọ yín dání.

Alájàpá Dùgbẹ̀

Háà! Ọmọ Ìdànrè, ẹ fẹ́ tú ilé onílé ká.

Ìyá Aránṣọ

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti bá àwọn ọmọ sọ ọ́ lánàá. Mo sọ ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ JSS 3 yẹn fún wọn, mi ò sọ ọ́ fún wọn rí. Àkọ́bí ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ló bá ní, "Nọ́ńbà mélòó ni bàtà yín?" Wọn ò tíì san owó gbọ̀ngàn. A máa lọ Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé, lọ́jọ́ Àìkú a ó dáná sí àgbàlá. Kò ní sí aṣọ ẹbí. Alájàpá, ẹ mú ike yín wá.

Dókítà ní orúnkún ò burú, kí n máa dìde nídìí ẹ̀rọ lóòrèkóòrè. Omi básíà, mo dé mẹ́jọ.

Ọkọ mi ti ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìdànrè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò rán an níṣẹ́ o. Obìnrin náà pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé lóòótọ́ ni ojú ẹsẹ̀ wà lórí òkè yẹn. Mo ní wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n rán ṣòkòtò kan fún òun, kó má sì fún òun nítan.