Ìpara tó ń mú kí awọ má mọ ìrora kò ràn lórí keloid, kí la lè ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan n'Íbàdàn. A máa ń yọ kókó, a sì ń gún abẹ́rẹ́ sí keloid etí (àpá tó wú kọjá ojú ọgbẹ́), aláìsàn á sì lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Yíyọ kókó ti rọrùn látìgbà tá a ti ń lo ìpara tó ní lidocaine 2.5% àti prilocaine 2.5%, oògùn méjì tó ń mú kí ara má mọ ìrora. Keloid ló kù. Abẹ́rẹ́ triamcinolone (oògùn tó ń mú kí keloid rọ̀, kó sì kéré) tá a ń gún sínú rẹ̀ ń dun èèyàn wọ eegun. Ọmọbìnrin kan di ọwọ́ mi mú títí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ mí lára, kò sì padà wá gba èyí tó kù. Ó dùn mí gan-an.

A ti fi ìpara náà sí i kó nípọn, a fi ọ̀rá bò ó fún wákàtí kan. Kì í wọlé ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ láàárín àkókò yẹn, keloid sì le bí rọ́bà. Dókítà wa po lidocaine mọ́ triamcinolone, síbẹ̀ wọ́n ń ké bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń wọlé. Yìnyín dín in kù díẹ̀. Mi ò fẹ́ kàn máa fi ìpara kún ìpara, torí prilocaine léwu fún ẹni tí G6PD rẹ̀ (èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) kò tó, irú wọn sì pọ̀ láàárín wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gún keloid déédéé, ṣé kí n fi ìpara náà sílẹ̀ fún wákàtí méjì ni, àbí ká kọ́kọ́ gún lidocaine sí awọ tó yí keloid ká? Èwo ló dín ìrora kù jù lọ́dọ̀ yín?