Abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú: ta ló ti gbà á rí?

Ẹ òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Kábà ni mo wà. Láti ìgbà tí a ti kọ ebè iṣu ọdún yìí ni ẹ̀yìn èjìká mi ti le gbagidi. Mo fi òrí pa á títí, ó sú mi. Oníṣègùn fisió kan, àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ní Lọ́kọ́ja ní òun á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ojú ibi tí iṣan ti dì gan-an. Kò sí oògùn nínú rẹ̀ o! Ó ní iṣan náà á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, á wá dẹ̀, ara sì lè ro mí fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ̀dọ̀fóró tí kò jìnnà síbẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á, ìgbà mélòó ni wọ́n gún yín kẹ́ ẹ tó padà sóko? Kí ni kí n bi í ná?