Ìrírí mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú Peugeot 404 kan ní Kétu

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Mo ti ka ìrírí àwọn tó ṣáájú mi, mo sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ló sọ pé ọkọ̀ àtijọ́ àwọn ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé àwọn gbé e lọ fún parallélisme, ìyẹn títún bí táyà ṣe kọjú síwájú ṣe, pé ó dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì tún padà sí bó ṣe wà. Bó ṣe ṣe èmi náà gan-an nìyẹn, àfi pé èmi fúnra mi ni mo dá àìsàn náà sílẹ̀, n kò sì mọ̀.

Peugeot 404 tí bàbá mi fi ń ná ọjà láti Kétu ní ilẹ̀ Benin dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), gba Pobè àti Sakété, ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún 1960 ni irú ọkọ̀ yìí jáde, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968, lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tí kò sàn ju tiwa lọ. Ohun tó mú mi mẹ́nu bà á ni pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ìyẹn àwọn irin tó gbé táyà iwájú ró, kì í ṣe ọ̀lẹ: bó bá ń ṣe ségesège, nǹkan kan ti jẹ, tàbí ó ti tẹ̀, tàbí wọ́n dè é ní ìdèkúdè. Bí táyà ṣe dúró lóòró, a kò ní ibi tí a ti ń yí i lára 404; bí táyà méjèèjì ṣe kọjú síwájú nìkan ni a lè fi ọ̀pá ìdarí tún ṣe.

Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, mo tú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ palẹ̀, mo sì pààrọ̀ àwọn silentbloc, ìyẹn rọ́bà tó wà ní gbòǹgbò apá ìsàlẹ̀, irin tó na láti abẹ́ ọkọ̀ dé ìdí táyà. Ìrìn àkọ́kọ́ lọ geerege. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, bí mo bá ti tẹ bíréèkì, yóò wọ́ sí ọ̀tún. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà ọ̀tún láti inú lọ sí òde, ó ń yọ̀. Mo fà á padà láti òde wá sí inú, etí rẹ̀ ń gún mi lọ́wọ́ bí ẹnu ayùn. Àmì pé táyà ń kọjú síta bí ọkọ̀ bá ń lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi ọwọ́ pa táyà yín báyìí, nítorí ojú kì í tètè rí i.

Mo gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ẹ̀rọ wọn sọ pé díẹ̀ ló yẹ̀, wọ́n tún un ṣe, mo sanwó, mo padà sílé, táyà sì tún ń jẹ. Mo wọn afẹ́fẹ́ táyà. Mo gbé táyà ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún, ọkọ̀ kò yí ẹ̀gbẹ́ tó ń fà sí padà, nítorí náà kì í ṣe táyà ló lẹ́bi. Mo sáré díẹ̀ láìtẹ bíréèkì rárá, mo sì fọwọ́ kan irin táyà méjèèjì: kò sí èyí tó gbóná ju èkejì lọ, nítorí náà bíréèkì kò lẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá kan tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kétu láti ìgbà tí 404 ṣì jẹ́ takisí ni mo lọ bẹ̀. Wọn kò mú kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì kankan lọ́wọ́. Wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì bi mí pé, “Ọmọ mi, nígbà tí o ń de nọ́ọ̀tì apá yìí, níbo ni táyà wà?”

Mo ní, “Bàbá, ọkọ̀ wà lórí jáàkì, apá náà rọ̀ dirodiro.”

Wọ́n ní, “O ti rí i. Mú ọ̀pá irin wá.”

Wọ́n ki ọ̀pá náà bọ àárín apá àti irin tó gbé e, wọ́n sì tì í díẹ̀. Rọ́bà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lanu. Mo rí inú rẹ̀, dúdú tó ń dán, bí ẹran tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Wọ́n wá ṣàlàyé pé rọ́bà yìí lẹ̀ mọ́ irin nínú àti lóde, kì í yí gbirigbiri. Ńṣe ló máa ń lọ́ bí aṣọ tí a ń fún. Bí a bá dè é nígbà tí apá rọ̀ sílẹ̀, gbàrà tí ọkọ̀ bá ti balẹ̀ ni rọ́bà ti lọ́, yóò sì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, títí kòtò ojú ọ̀nà yóò fi fà á ya. Lórí ìdúró, táyà lè wà ní ipò rẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀rọ kò ṣe rí ohun púpọ̀. Bí a bá ti tẹ bíréèkì, apá yóò sún sẹ́yìn, táyà yóò sì yà. N kò dá àwọn tó ni ẹ̀rọ náà lẹ́bi pé wọ́n wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti mi apá náà wò kí wọ́n tó gba owó mi.

A fi rọ́bà tuntun sí i. A kàn mú nọ́ọ̀tì jẹ ẹ́ ni lórí jáàkì. A sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí pákó nípọn, a tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a tì í síwájú àti sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jókòó, ìgbà yẹn ni Bàbá tó wọ abẹ́ rẹ̀ láti dè é pa. Lẹ́yìn náà, láti mọ bí táyà méjèèjì ṣe kọjú síwájú, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí etí irin táyà méjèèjì níwájú, ní ìwọ̀n gíga àárín táyà, mo wọn àlàfo wọn, mo sì ti ọkọ̀ síwájú títí àmì méjèèjì fi dé ẹ̀yìn kí n tó tún wọ̀n ọ́n. Ojú kan náà ni a ń wọ̀n báyìí, nítorí náà irin táyà tó bá tẹ̀ díẹ̀ kò lè tàn wá jẹ.

Ọkọ̀ náà kò wọ́ mọ́ bí mo bá tẹ bíréèkì. Ó ṣì ń yà díẹ̀ sí ọ̀tún lójú títì, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni à ń gbà ní ilẹ̀ wa, títì sì ń dà sí ọ̀nà àgbàrá. Lórí pápá tó tẹ́jú, ó ń lọ tààrà.

Ohun kan ló kù. Mo fi okùn ìwọ̀n àwọn birikìlà wọn ìdúró táyà òsì, mo sì rí i pé orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú ju ti ọ̀tún lọ. Rọ́bà àti rotule (oríkèé irin) ibẹ̀ dára, nítorí náà mo gbà pé amortisseur ẹ̀gbẹ́ náà, ìyẹn ọ̀pá tó ń gba jìgìjìgì tó sì gbé táyà ró, ló ti tẹ̀, bóyá láti ìgbà tí bàbá mi já sínú kòtò kan lọ́nà Pobè. Ẹni tó bá ti rí èyí tó tọ́ fún 404 rà ní agbègbè wa, yálà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Sabẹ, kó jọ̀wọ́ sọ fún mi bó ṣe mọ̀ pé òun kò ra èyí tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀.