Ẹ gbà mí o, ọmọ mi tó wà ní míṣọ̀n ìjọ Mọ́mọ́nì ní Salvador, Brazil, ní òun fẹ́ máa bọ̀ wálé

Ìyá Élder, Thamesmead:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tí kò bá tíì sùn, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn. Mọ́ńdè lòní, ọmọ mi, Élder (bí ìjọ wa ṣe ń pe míṣọ́nárì ọkùnrin), pè wá lórí fídíò bó ṣe máa ń pè. Ó di oṣù kẹta tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nárì ní São Paulo tí wọ́n gbé e lọ sí Salvador. Ṣáàtì tó bá a lára mu rẹ́gí lọ́jọ́ tó ń lọ, kọ́là rẹ̀ ti ń ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní ojoojúmọ́ làwọn ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu géètì àwọn èèyàn, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọn ò ní yọjú. Ó ní èdè Potogí tí òun kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àfi bíi pé èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ ní Salvador. Ẹnìkejì rẹ̀, míṣọ́nárì tí wọ́n jọ ń gbé tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́, kì í bá a sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti wọlé. Ó wá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ máa bọ̀ wálé."

Bàbá rẹ̀ ní kó máa bọ̀. Èmi ò mọ èyí tí mo lè ṣe. Mo ti di gààrí, ẹ̀lúbọ́, ata gígún àti ẹja gbígbẹ sínú páálí, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Mo tún ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún ara mi. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé páálí yìí á dé ọwọ́ rẹ̀? Kí sì ni kí n sọ fún un ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀?

Ìyá Ìbejì, Dallas:
Ẹ má fi páálí yẹn ránṣẹ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Brazil náà ni ọmọ mi ti sìn, ní Recife. Mo di irú ẹrù bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ ara mi yan ẹja, mo san owó gọbọi. Ìbodè dá a dúró. Wọ́n ní nọ́ńbà CPF ẹni tó máa gbà á dà, èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣé nọ́ńbà owó orí wọn ní Brazil ni. Ìgbà tí wọ́n yanjú ìyẹn, wọ́n bù ú lówó orí, owó náà sún mọ́ iye tí mo fi ra ẹrù. Ọmọ ò sọ fún mi. Owó oúnjẹ oṣù rẹ̀ ló kó kalẹ̀ láti fi gbà á, torí kò fẹ́ kí n gbọ́ pé ẹrù mi ṣòfò. Wọ́n ti yọ ẹja kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ fi mu gààrí. Ìgbà tó padà dé ló tó sọ ọ́, mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé.

Ọmọ Ìbàdàn, Manchester:
Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Salvador ni èmi náà ti sìn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn. Oṣù kẹta ló máa ń le jù. Ìlú ò jọni lójú mọ́, èdè ò sì tíì yọ̀ lẹ́nu. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ń jí. Wọ́n á ṣe eré ìdárayá, wọ́n á kàwé, kí wọ́n tó jáde, oòrùn ti mú. Òkè ni gbogbo àdúgbò ibẹ̀, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn. Ilé àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, bí ẹni tó kàn bá gbàgbé, ebi nìyẹn. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, iná ti gbọ́dọ̀ kú. Ìrìn ló jẹ́ kó rù, kì í ṣe àìsàn.

Gbogbo ohun tó wà nínú páálí yín ló wà ní ọjà São Joaquim níbẹ̀. Kó lọ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Epo pupa wà, dendê ni wọ́n ń pè é. Iṣu wà, ilá wà, edé gbígbẹ kún inú àpò lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń dín àkàrà, ẹ̀wà tiwa gan-an ni. Èyí tí kò sí ni ẹ̀lúbọ́.

Ti géètì yẹn, ẹ sọ fún un pé kó má kàn pàtẹ́wọ́ lásán. Kó ké "Àgò o!" Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Liberdade lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ mí, mi ò tiẹ̀ rò ó kí n tó ké e. Ìyá àgbà kan dá mi lóhùn láti inú ilé, "Agô iê!" Ó jáde wá wo ẹni tó ń sọ èdè tí wọ́n fi ń kọrin nílé òrìṣà wọn. Mo ní, "Ẹ kúulé, mà." Ó di ọwọ́ mi mú. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo mú Ìwé Mọ́mọ́nì ti Yorùbá dání, èyí tó jáde ní 2007, ó ní kí n kà á sí òun létí. Kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó ṣáà ń fi ìka ka èyí tó bá dá mọ̀: omi, ọmọ, ilé, ọba. Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé yẹn náà ni mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ìyá Ìbejì, Dallas:
Kí lo ṣe?

Ọmọ Ìbàdàn, Manchester:
Táyé ni mí, mà. Kẹ́yìndé mi wà ní Bódìjà. Ìgbà tí ìyá yìí gbọ́, inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà, torí ní ogúnjọ́ ó lé méje oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ni wọ́n máa ń se carurú, ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú edé àti epo, fún Kósímù àti Dámíánì, àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Àwọn ìbejì náà nìyẹn. Ọmọdé méje ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó ní kí n wá, pé ìbejì láti ilẹ̀ Yorùbá ò jẹ nílé òun rí.

Mo lọ. Mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n yí abọ́ ńlá ká nílẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ jẹ. Ìyá gbé àwo tèmi bọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ohùn òkè sọ ọ́ ní èdè Potogí pé àwa kì í jẹ oúnjẹ òrìṣà. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá gbé àwo náà padà, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí a padà lọ, mo ké àgò títí. Kò dá mi lóhùn mọ́ títí wọ́n fi gbé mi kúrò ní àdúgbò náà.

Bàbá Ẹ̀gbá, Houston:
Ọmọ mi, o ò ṣe ohun tó burú. Báàjì orúkọ Jésù wà láyà rẹ, o wá fẹ́ jókòó síbi oúnjẹ ìbejì? Dáníẹ́lì ò jẹ oúnjẹ ọba.

Sísítà Ìjẹ̀bú, Leeds:
Bàbá, ẹ forí jì mí sà. 1 Kọ́ríńtì 10, ẹsẹ 27: ohunkóhun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ níwájú yín, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má bèèrè.

Bàbá Ẹ̀gbá, Houston:
Ka ẹsẹ 28. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé wọ́n fi rúbọ, má jẹ ẹ́. Ìyá yẹn sọ fún un.

Sísítà Ìjẹ̀bú, Leeds:
Mo gbà pé kó má jẹ ẹ́ sà. Ibi tó dúró sí àti ohùn tó fi sọ ọ́ ló dùn mí, lójú ọmọdé méje. Ìyá yẹn ò pè é wá bọ òrìṣà, ó fẹ́ bu ọlá fún un ni. Ṣé kò lè pè é sí kọ̀rọ̀, kó kúnlẹ̀, kó ní "Mọ́mì, mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́, ẹ fún mi lómi"? Èmi náà ṣe irú ẹ̀ rí. Nílùú òyìnbó yìí ni mo ti sìn fún oṣù méjìdínlógún, àríwá England, tíì ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ níbi gbogbo. Lóṣù àkọ́kọ́, mo máa ń ní "a kì í mu tíì," torí ìjọ wa ò gbà á láyè, ilé á sì tutù wá. Ìyá arúgbó kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó ní, "Sọ ohun tó o fẹ́, má sọ èyí tó ò fẹ́." Látìgbà náà ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń gbé kẹ́túlù, màá ní omi gbígbóná ni mo fẹ́.

Ìyá Ìbejì, Dallas:
Èmi bí ìbejì. Bí ẹnìkan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lórí oúnjẹ àwọn ọmọ mi, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún un mọ́ láéláé.

Bàbá Ẹ̀gbá, Houston:
Ìyá Ìbejì, ìyẹn yàtọ̀. Síbẹ̀ náà, mo gbọ́ ti ohùn òkè yẹn.

Ọmọ Ìbàdàn, Manchester:
Mo kọ lẹ́tà sí i nígbà tí mo ń padà bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí i gbà.

Bàbá Méjì, Birmingham:
Ìyá Élder, ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ yín. Èmi ni mo sọ fún àkọ́bí mi pé kó máa bọ̀. Scotland ni wọ́n rán an, ó ń sunkún lórí fóònù, mi ò lè gbà á mọ́ra. Mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè lóru yẹn. Oṣù márùn-ún péré ló ṣe. Ó dé ilé, ó wọ yàrá, kò fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí gbogbo èèyàn ń bi í pé ìgbà wo ló dé. Ó di ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kó tó sọ fún mi pé ẹnìkejì òun ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pé gbogbo ohun tí òun fẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni kí n dúró tì òun lórí fóònù.

Mi ò ní kí ọmọ yín dúró o. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹ mú un bọ̀ wálé kíákíá, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan. Ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ti sọ fún ààrẹ míṣọ̀n?

Sísítà Ìjẹ̀bú, Leeds:
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn. Ẹ bi í pé mélòó ló kù.

Àgbà Peckham:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tiẹ̀ ń gbádùn. Kó tó di Fẹ́búárì 2019, ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ àwọn ìyá nìkan ni míṣọ́nárì ń pe ilé. Àbúrò mi pè ní Kérésì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìkẹjà já, ó di oṣù Karùn-ún ká tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Manchester, àkàrà Salvador yẹn ńkọ́? Ṣé ó tó ti Peckham?

Ọmọ Ìbàdàn, Manchester:
Ẹ̀gbọ́n, Peckham ò débẹ̀ sà. Acarajé ni wọ́n ń pè é, àkàrà àti jẹ. Obìnrin aláṣọ funfun á dín in nínú epo pupa, ó tóbi tó ìkúùkù, á là á sí méjì, á fi edé àti ata sáàárín.

Bàbá Ẹ̀gbá, Houston:
Epo pupa? Àkàrà epo pupa, ti Abẹ́òkúta ni. Ní Houston níbí, ìyàwó mi ń dín in láràárọ̀ Sátidé, ẹ wá jẹ ẹ́, ẹ ò ní dárúkọ Peckham mọ́.

Àgbà Peckham:
Houston tí ẹ ti ń fi mọ́tò wá ẹ̀wà kiri fún wákàtí kan! Ní Rye Lane, mo lè fi ṣílípáàsì rìn lọ ra ẹ̀wà, ata rodo àti ewé ẹ̀kọ kí omi tó hó.

Ìyá Ìbejì, Dallas:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ti jẹ àkàrà Òṣogbo rí? Aago mẹ́fà àárọ̀, nínú ìkùukùu, kó gbóná débi pé á jó yín lọ́wọ́ nínú bébà. Ẹ̀kọ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá mi máa ń ra ti náírà mẹ́wàá fún gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbé mi lọ sílé.

Sísítà Ìjẹ̀bú, Leeds:
Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, òtútù Leeds ti ń ṣe mí tẹ́lẹ̀.

Ìyá Élder, Thamesmead:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti tú páálí. Mo fún bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Bàbá Méjì kà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan, ó lọ jókòó sínú mọ́tò. Mo ti kọ àwọn ìbéèrè yẹn sínú ìwé fún Mọ́ńdè. Tó bá dáhùn wọn tán, tó tún ní òun fẹ́ máa bọ̀ ńkọ́?

Àgbà Peckham:
Ẹ kú orí ire mà, àá máa gbàdúrà. Bàbá Ẹ̀gbá, ìyàwó yín ń bó ẹ̀wà yẹn lọ́wọ́ ni, àbí ẹ̀rọ ló ń bá a bó o?

Bàbá Ẹ̀gbá, Houston:
Ọwọ́ ni. Ó máa ń rẹ ẹ́ láti alẹ́ Fúráìdè.