Kí ló dé tí Gelfand fi túúbá nígbà tí tirẹ̀ pọ̀ ju ti Anand lọ?

ÒpèṢómólú:
Ẹ̀yin ọ̀ta, ẹ gbà mí o. Lálẹ́ àná ni mo to chess sórí tábìlì, mo ń tẹ̀ lé eré kẹjọ Anand (ará India tó ni oyè nígbà náà) àti Gelfand (ará Israel tó ń bá a du ú), níbi tí wọ́n ti du oyè àgbáyé ní Moscow, May 2012. Ìgbésẹ̀ 17 péré, Gelfand túúbá! Mo ka ohun tó kù. Dúdú, ìyẹn Gelfand: ayaba, ròòkù méjì, ẹṣin kan, pọ́ọ̀nù méje. Funfun, ìyẹn Anand: ayaba, ròòkù kan, bíṣọ́ọ̀bù kan, ẹṣin kan, pọ́ọ̀nù mẹ́fà. Tí a bá ka ayaba sí póìntì 9, ròòkù 5, bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin 3, pọ́ọ̀nù 1, póìntì 29 sí 26 ni, Gelfand ló ń léwájú. Ṣé inú ló ń run ún ni?

Bàbá Ẹlẹ́ṣin:
Àbúrò, ojú ayò lo fi ń wò ó. Nínú ayò, ẹni tó bá ti kó 25 nínú ọmọ 48 ti jẹ nìyẹn. Chess kò rí bẹ́ẹ̀. Wo ibi tí ayaba dúdú wà: h1 (lẹ́tà ni orúkọ ìlà òró, nọ́ńbà ni ti ìlà ìbú), kọ̀rọ̀ ilé onílé. Ròòkù ló wọ ibẹ̀ lọ jẹ. Anand wá gbé ayaba tirẹ̀ sí f2. Kò jẹ nǹkan kan, kò ṣẹ́ẹ̀kì (ìyẹn ni pé kò halẹ̀ mọ́ ọba), ilẹ̀kùn ló kàn tì. Ó ń ṣọ́ g2, f3 àti h2. Ẹṣin c3 ń ṣọ́ e4. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá ti kúrò ní f1 bọ́ sí d3, ojú ròòkù b1 mú ayaba dúdú tààrà.

ÒpèṢómólú:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Tí Gelfand bá fi ẹṣin rúbọ ní c6 ńkọ́, kí pọ́ọ̀nù d5 jẹ ẹ́, kí ọ̀nà là?

Bàbá Ẹlẹ́ṣin:
O gbìyànjú! Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù nìyẹn, ayaba á sì yọ sí c6. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù á bọ́ sí g2, á tún lé e. Lẹ́yìn náà ẹṣin Anand á gun d5, f6 ló sì ń wò, níbi tó ti máa ṣẹ́ẹ̀kì ọba, tí á tún na ọwọ́ sí ròòkù e8. Ta ló fẹ́ jókòó wo ìyẹn? Ìgbésẹ̀ 14 ló ba eré Gelfand jẹ́. Ẹṣin tí wọ́n ń lé ní h5 ni kó gbé sá padà sí f6. Ayaba ló gbé lọ síbẹ̀.

Aláròyé:
Èyí tó dùn mí ni pé ọjọ́ kan ṣáájú ni Gelfand na Anand ní eré keje, lẹ́yìn ọ̀mì mẹ́fà. Kò tíì gbádùn ẹ̀ tán! Láti 1886 tí Steinitz ti fi ìgbésẹ̀ 19 na Zukertort, kò sẹ́ni tó tètè jẹ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìjà oyè.

ÒpèṢómólú:
Mo ti tún un tò. Àbúrò mi ti gba funfun mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní èmi ni Gelfand.