Ìdánwò bọ́ sí ọjọ́ Sátidé: báwo ni mo ṣe lè tọrọ àyè láìpàdánù máàkì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Ìjọ Adventist Ọjọ́ Keje sì ni mí. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ títí di ìgbà tí yóò tún wọ̀ ní Sátidé, a kì í ṣiṣẹ́, èmi kò sì lè jókòó ṣe ìdánwò. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ pátákó ìfilọ̀ pé ìdánwò àárín sáà fún kóòsì kan tó jẹ́ dandan yóò wáyé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, máàkì 30 nínú 100 sì ni. Nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá, mo dákẹ́, n kò lọ, wọ́n sì fún mi ní òdo. N kò fẹ́ dákẹ́ mọ́. Ta ni kí n kọ̀wé sí, kí ni kí n sì kọ síbẹ̀? Ǹjẹ́ òfin wà lẹ́yìn mi?

Olùkọ́ Àgbà:
Ọmọ mi, òfin wà, ṣùgbọ́n má fi í ṣe ohun àkọ́kọ́ tí o máa sọ. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù lómìnira láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn nínú ìjọsìn, ẹ̀kọ́, ìṣe àti pípa ìlànà rẹ̀ mọ́. Kò dárúkọ ìdánwò, abala 45 sì gba ìjọba láyè láti fi òfin tó bójú mu dín òmìnira náà kù nítorí ààbò ìlú tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tó ń mú kí àwa olùkọ́ kọ irú ẹ̀bẹ̀ yìí ni pé a ń bẹ̀rù kí ìbéèrè má jò, àti pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ̀rọ̀ títí ìdánwò yóò fi kọjá. Nítorí náà, kọ lẹ́tà rẹ lọ́sẹ̀ yìí sí olùkọ́ kóòsì náà, kí olórí ẹ̀ka àti olùdámọ̀ràn ọdún rẹ náà rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà, kí o sì so ìwé pásítọ̀ ìjọ rẹ mọ́ ọn. Dárúkọ ọjọ́ méjì tí o lè ṣe é, kí o sì sọ pé o gbà kí wọ́n fún ọ ní ìbéèrè mìíràn pátápátá. Gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tìrẹ.

Ọmọ Mọ́ṣáláṣí:
Àbúrò, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún ti bàbá. Ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yàtọ̀ sí kíláàsì ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo wà níléèwé, wọ́n fi kóòsì kan sí àkókò ìrun Jímọ̀ gan-an, mo sì rò pé àyè tí olùkọ́ fún mi lẹ́nu ti tó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni a gbọ́dọ̀ wá kí a tó jókòó ìdánwò ìparí. Bí kíláàsì bá jẹ́ 15 ní sáà kan, mẹ́ta péré ni èèyàn lè pa jẹ. Àtúntò àkókò kíláàsì ló yọ mí, kì í ṣe àforíjì.

Ọmọ Ìṣẹ̀ṣe:
Ẹ̀yin tiẹ̀ ní ìsinmi Kérésì àti Iléyá tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Àwa, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, ìjọba ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ló ń fún wa ní ìsinmi. Ìjọba àpapọ̀ kò tíì ṣe é. Lẹ́tà ni mo ń kọ lọ́dọọdún. Wọ́n ti gbà á, wọ́n sì ti kọ̀ ọ́ rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Lẹ́tà ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú àti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni mo dárúkọ. Pásítọ̀ yóò fọwọ́ sí ti ìjọ lónìí, màá sì mú méjèèjì lọ ní ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé.