Ìbéèrè lórí àtúnṣe àròkọ alárìíyànjiyàn

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òǹkọ̀wé, mo kí yín o. Olùkọ́ wa dá àròkọ tí mo kọ lórí lílo fóònù nínú kíláàsì padà fún mi, ó ní kí n fi ohun tí a ti kọ́ nípa ìkọ̀wé tún un ṣe. Àkọtọ́ àti àmì ohùn kò yọ mí lẹ́nu. Ìyẹn lè dúró dìgbà tó bá yá. Ìpínrọ̀ kẹta ni iṣẹ́ wà. Gbólóhùn tó ṣáájú nínú rẹ̀ sọ pé fóònù máa ń gba ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kí ìpínrọ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti di ti jíjí ìwé wò nínú ìdánwò, èyí tí ó jẹ́ kókó mìíràn pátápátá. Ṣé kí n pín in sí méjì ni, tàbí kí n yọ ọ̀rọ̀ ìdánwò kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù?

Ó tún ku èrò àwọn alátakò. Ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ni pé: “Àwọn kan ní fóònù wúlò, ṣùgbọ́n irọ́ ni.” Mo ti yí i sí: “Lóòótọ́ ni fóònù ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, síbẹ̀ ìwé atúmọ̀ èdè lè ṣe iṣẹ́ yìí láìgba ọkàn ẹnikẹ́ni.” Èyí tẹ́ mi lọ́rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lẹ́yìn ìfáárà ló yẹ kó wà, àbí kété ṣáájú àgbálọgbábọ̀?